Ewúrẹ́ Tó Ń Retí Èèpo Ẹ̀gẹ́

Toheebat kò tíì ka owó náà dé ìdajì tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú, ó ní kí oníbàárà tó dúró níwájú òun jọ̀ọ́ má bínú, ó yọ ìdì kan láàárín owó náà, ó sì kọjá sí ọ́fíìsì ẹ̀yìn.

"Àǹtí Àrìnpé, ẹ bá mi gbóòórùn owó yìí. Orí ti ń fọ́ mi."

Bí ẹnì kan bá wà ní gbogbo Ìlaró tí kò ní tijú láti gbé owó sí imú, Àrìnpé Akínbọ̀dé ni. Ní ilé ìfowópamọ́ Ìrẹ̀pọ̀ Yewa, oníkálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀: àwọn kan ń gba owó wọlé, àwọn kan ń yá ènìyàn lówó, àwọn mìíràn ń lé ẹni tó yá owó kiri. Iṣẹ́ tí Àrìnpé ń ṣe ni láti béèrè ibi tí owó ti wá. Òfin ló ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, kí olè àti onífàyàwọ́ má baà máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé wá fọ owó ìdọ̀tí kó lè jọ owó òógùn ojú. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń pè é ní Ìyá Níbo-lo-ti-rí-i, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Ó mọ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra níwọ̀nba, ẹ̀pà sísun kì í wọ́n lórí tábìlì rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tó kí ọ̀rọ̀ díjú kó wá máa tú u díẹ̀díẹ̀.

Ó gbé owó náà sí imú. Ó tún un gbé.

"Bẹntiróòlù," ló wí. "Ta ló mú un wá?"

"Bọ̀dá Ayọ̀dàmọ́lá ni, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ píóèsì fún àwọn èèyàn lówó ní Ayétòrò. Owó gàrí Màmá Mẹ̀dínátù ni wọ́n ní àwọn wá fi pamọ́."

Àrìnpé yọjú wo ọkùnrin náà láti ojú fèrèsé. Ayọ̀dàmọ́lá Jayéọlá dúró nínú kaftáànì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ń bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

"Gba owó rẹ̀, fún un ní rìsíìtì," ni Àrìnpé wí. "Kí o sì rẹ́rìn-ín sí i dáadáa."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Àrìnpé jókòó ti ẹ̀pà rẹ̀, ó ń ronú. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, ọjà ti dùbúlẹ̀ jákèjádò Yewa. Àwọn tó ń wá láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lódìkejì bọ́dà wá ra gàrí kò rọ́nà wá mọ́. Gbogbo oníṣòwò tó ń kówó wá sí ilé ìfowópamọ́ wọn, tiwọn ń dín kù ni. Ti Màmá Mẹ̀dínátù nìkan ló ń pọ̀ sí i. Owó náà kì í sì í pẹ́: bó bá wọlé láàárọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́, á ti jáde lọ ra ẹ̀gẹ́ lóko kan tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ rí. Ta ló ń ra gàrí tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń rà á kò lè kọjá? Owó gàrí a sì máa rùn bẹntiróòlù?

*

Kó tó palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà ni Ìnísípẹ́kítọ̀ Bàrúwà wọlé, eruku ọ̀nà oko ti kùn ún láti bàtà dé ìpéǹpéjú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Bàrúwà lọ́wọ́ ni láti mú àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé bẹntiróòlù sọdá bọ́dà, nítorí ìjọba ti kà á léèwọ̀ pé kí epo dé ilé epo tó sún mọ́ ẹnubodè. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n bárékè Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Gírámà rẹ̀ kún, sùúrù rẹ̀ kò kún. Ọ̀gá Olúfúnmilọ́lá, máníjà ilé ìfowópamọ́ náà, ló mú un wọ ọ́fíìsì Àrìnpé, òógùn sì ti bo iwájú orí máníjà náà.

"Màdáámù, ilé-iṣẹ́ gàrí tó wà ní Àgọ́ Ọ̀ṣunníyì, irọ́ ni," ni Bàrúwà wí kó tó jókòó. "Ẹnì kan ta mí lólobó pé ibẹ̀ ni owó bẹntiróòlù ń gbà kọjá. Mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iná ò jó, èéfín ò rú. Agbada tutù nini. Kò sí obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Ṣé gàrí ń yan ara rẹ̀ ni?"

"Kò sí ẹ̀dá kankan rárá?"

"Àwọn ọkùnrin kan wà lábẹ́ igi. Mo bi wọ́n pé níbo làwọn òṣìṣẹ́ wà, wọ́n ní wọn ò jáde lónìí. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

"Ewúrẹ́ ńkọ́?" ni Àrìnpé béèrè.

Bàrúwà wo máníjà, máníjà wo àjà ilé.

"Ewúrẹ́ bí i báwo?"

"Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ṣé ẹ rí i níbẹ̀?"

"Wọ́n kún ibẹ̀! Wọ́n ń tẹ̀ lé mi kiri bí ìgbà tí mo jẹ wọ́n ní nǹkan. Ọ̀kan tiẹ̀ ti gbé ìwé ọwọ́ mi sẹ́nu."

Àrìnpé fọ́ ẹ̀pà kan, ó da èèpo rẹ̀ sínú àwo, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Ó dáa. Ewúrẹ́ kì í lọ dúró síbi tí wọn kò ti fún un lóúnjẹ rí. Ọ̀kan lè ṣìnà débẹ̀. Agbo kan kì í ṣìnà. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń retí, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i jẹ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn kì í ṣe irọ́, Ìnísípẹ́kítọ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Òní nìkan ni wọn kò ṣe é."

"Kí ló dé tí wọn kò ṣe é lónìí?"

"Ìyẹn ni mi ò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé owó gàrí wọn wọlé síbí lónìí kan náà."

"Mi ò lè kọ ewúrẹ́ sínú ìwé ẹ̀sùn," ni Bàrúwà wí. "Ẹ ti owó ìyá yẹn pa ná. Tó bá fi máa di Àbámẹ́ta tí ẹ ò tíì rí nǹkan mìíràn sọ fún mi, màá ti ilé-iṣẹ́ náà, màá sì gbé ìyá náà lọ."

Máníjà ní kí wọ́n ti owó náà pa. Àrìnpé kò bá a jiyàn. Òfin ni, òun náà sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí owó jáde.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹtì, Màmá Mẹ̀dínátù Ọlábímpé fúnra rẹ̀ dé. Obìnrin gíga ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sanra, omi ẹ̀gẹ́ sì ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí òun alára tó wọlé.

"Ta ló ti owó mi mọ́lé? Ta ni mo ṣẹ̀?"

Àrìnpé kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga, ó bu omi fún un. Bàrúwà ti wà níbẹ̀. Bí ìyá náà ti ń mu omi ló ń sọ̀rọ̀. Láti ìdájí òní ni wọ́n ti wà lóko, wọ́n ti wú ẹ̀gẹ́, ó wà ní àgbàlá nílẹ̀ bí òkè. Kò sí dísẹ́ẹ̀lì nínú ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, kò sì sí owó tí wọ́n máa fi rà á.

"Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń kó sínú àpótí," ló wí. "Bí a ò bá rin ín lọ́la, á dúdú, á jẹrà. Opó ló pọ̀ jù nínú àwọn tá a jọ ń ṣe é. Kí ni kí n bá wọn sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àrìnpé. Kò fi bò pé ó dun òun. Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀rí, ó sì ti pẹ́ tó ti mọ ìyẹn.

Bàrúwà fa àga rẹ̀ súnmọ́ iwájú. "Ìyá, bẹntiróòlù tí owó yín ń rùn ńkọ́?"

"Bẹntiróòlù? Dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀rọ wa ń mu. Bí o bá da bẹntiróòlù sí i, wàá bà á jẹ́ ni."

"Ẹni tó ta mí lólobó dárúkọ Ṣàíbù kan. Ta ni?"

"Àbúrò mi ni, ní Tube."

"Ní Tube, lẹ́nu bọ́dà gan-an! Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Òun ló ń gbé gàrí wa lọ sí ọ̀hún kí wọ́n tó ti bọ́dà. Ní báyìí, ó jókòó."

Bàrúwà mi orí bí ẹni tó ti rí ẹja nínú àwọ̀n. "Lánàá, níbo lẹ wà?"

"Ilé mi."

"Kí lẹ ń ṣe nílé lọ́jọ́ iṣẹ́?"

"Mo wà nílé."

"Àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Àwọn náà wà nílé wọn."

"Kí ló dé?"

Màmá Mẹ̀dínátù wo Bàrúwà. Ó wo máníjà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá tẹ orí ba, ó ń fi àtàǹpàkò pa etí ìró rẹ̀.

"Mi ò lè sọ ìyẹn níbí."

"Ẹ ẹ̀ rí i!" Bàrúwà fọwọ́ lu tábìlì, ẹ̀pà sì fọ́n ká. "Mo ń lọ sí Tube. Mo ń lọ bá Ṣàíbù."

Ó jáde. Ṣùgbọ́n Àrìnpé kò yé wo ìyá náà. Ó ti rí ojú olè rí nínú iṣẹ́ yìí, ó sì ti rí ojú ẹlẹ́tàn. Olè tí wọ́n bá bi léèrè ibi tó wà lánàá kì í dákẹ́. Kíá ló máa ń wí àwíjàre: ó lọ kí àna rẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn, òjò pa á mọ́ ilé ọ̀rẹ́. Irọ́ kì í wọ́n an. Ìyá yìí kò tiẹ̀ wá irọ́ kankan. Ojú ẹni tí ìtìjú mú ló ní, bí ìgbà tí wọ́n ní kí àgbàlagbà obìnrin sọ ohun tí kò yẹ kó ti ẹnu obìnrin jáde lójú ọkùnrin àjèjì.

Àrìnpé gbé báàgì rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde. Mo fẹ́ lọ wo ewúrẹ́ yín."

*

Wọ́n gun ọ̀kadà kọjá Ayétòrò, wọ́n sì yà sí ọ̀nà oko. Ní oríta tí wọ́n ti ń wọ Àgọ́ Ọ̀ṣunníyì, Àrìnpé ní kí ọlọ́kadà dúró.

Wọ́n so màrìwò kọ́ igi méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ti ń rọ, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ. Àná ni wọ́n so ó, ó pẹ́ tán, ìjẹta.

Àrìnpé bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ọlọ́kadà náà fi bojú wẹ̀yìn. Bàrúwà gba abẹ́ màrìwò yìí kọjá, bóyá ó tiẹ̀ rò pé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ gbé! Ọmọ bárékè kò mọ̀ pé bí wọ́n bá so màrìwò báyìí, Orò ti fẹ́ jáde, kí gbogbo obìnrin wọlé kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Bóbìnrin fojú kan Orò, Orò á gbé e. Obìnrin kì í sì í jókòó síwájú ọlọ́pàá kó máa ròyìn Orò fún un. Ìyá arúgbó náà yàn kí wọ́n pe òun lólè ju kó ba ìwà ọmọlúàbí jẹ́.

Síbẹ̀, ó lọ bá Baálẹ̀, Bàbá Ọ̀ṣunníyì, kó lè gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó tọ́. Bàbá náà jókòó sórí àga onírọ́bà, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré bó ọsàn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Baálẹ̀ wí. "Ọjọ́bọ̀ ló bọ́ sí lọ́dún yìí. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn fi wọ̀, obìnrin kankan kò yọjú, ìbáà ṣe ìyàwó tèmi."

"Ọlọ́pàá kan wá."

"A rí i. Ọkùnrin ni, a jẹ́ kó kọjá."

"Ẹ ò sì sọ fún un pé Orò ló wà lóde?"

"Kò bi wá. Ó ní níbo làwọn òṣìṣẹ́ wà, a ní wọn ò jáde. Ṣé irọ́ la pa fún un ni?"

Ní ilé-iṣẹ́ gàrí náà, àwọn obìnrin jókòó yí òkè ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bó o lọ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́. Ewúrẹ́ ti kó ara wọn jọ síbi èèpo. Àrìnpé fa àpótí kan, ó jókòó láàárín wọn, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, ta ló ń bá yín kó owó wá sọ́dọ̀ wa?"

"Ayọ̀dàmọ́lá ni. Bí ọmọ ló rí sí mi. Bá a bá ti ná ọjà tán, ní ọjọ́ kejì, á wá pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, á gbà á, á lọ fi pamọ́ fún wa ní Ìlaró."

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ ọjà? Kì í ṣe lójoojúmọ́?"

"Níbo la ti máa rí owó ojoojúmọ́ lásìkò yìí?"

"Fóònù ta ni ìròyìn owó ń wọlé sí?"

"Tirẹ̀ ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa, ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà òun sí i. Káàdì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi, má wò ó níwòkuwò o. Kò mú kọ́bọ̀ mi rí. Ohunkóhun tí mo bá béèrè, bó ṣe rí gan-an ló ń kó o fún mi."

"Mo gbà. Kò mú kọ́bọ̀ yín." Àrìnpé gbé ẹ̀gẹ́ kan, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ìyá, bí ẹnì kan bá fẹ́ máa fọ aṣọ ìdọ̀tí lódò yín, ṣé á gbọ́n odò náà gbẹ?"

"Kí ló máa wá fi fọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ń tọ́jú odò yín ni. Owó àwọn tó ń gbé bẹntiróòlù sọdá ló ń dà pọ̀ mọ́ tiyín, kí ilé ìfowópamọ́ lè rò pé gàrí ló mú un wá. Tó bá ti wọlé tán, á fi káàdì yín kó o jáde. Kò jí owó yín. Orúkọ yín ló jí."

Àwọn obìnrin dáwọ́ dúró. Omijé dé ojú Màmá Mẹ̀dínátù, ó nù ún pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ tó funfun náà, omi ẹ̀gẹ́ sì kùn ún lójú.

"Orúkọ tí mo fi ogójì ọdún yan gàrí kó tó dára," ló wí. "Inú agbada yìí ló ti máa ń bu gàrí gbígbóná jẹ. Ọmọ tó ń jẹ gàrí mi!"

Àrìnpé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Inú ń bí òun náà, ṣùgbọ́n ìbínú kò ní ṣí owó ìyá náà. Bí wọ́n bá kàn lọ mú Ayọ̀dàmọ́lá, á ní owó ọjọ́ mìíràn lòun ń kó jọ tẹ́lẹ̀, á ní ìyá ló fún òun, ẹnu ìyá àti ẹnu rẹ̀ á di ẹnu méjì. Ó ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti gba owó Ọjọ́bọ̀ àti ọwọ́ ẹni tó ti gbà á.

Lọ́nà ilé ni Bàrúwà pè é láti Tube, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Màdáámù, Ṣàíbù kọ́. Ata ló ń gbìn báyìí. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ti ya. Ó tún fi agídí ta ata apẹ̀rẹ̀ kan fún mi."

"Ṣé ata náà dára?"

"Ó ta púpọ̀."

"Ẹ gbé e bọ̀. Lọ́la, ẹ bá mi ká lọ sí Ayétòrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí èmi máa sọ̀rọ̀. Tí mo bá dákẹ́, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí nídìí agbada lọ́jọ́ náà."

*

Ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀dàmọ́lá mọ́ tónítóní. Bó ti rí wọn, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àrìnpé, ó gbé àga, ó fún wọn ní omi tútù. Ọkọ̀ rẹ̀ pupa wà níta lábẹ́ ìbòji.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ti owó Ìyá mi pa," ló wí. "Mi ò sùn dáadáa. Àǹtí, ẹ bá wa ṣàánú."

"Nítorí rẹ̀ la ṣe wá. Ìnísípẹ́kítọ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣiṣẹ́."

"Háà! Irọ́ gbáà!" Ó yíjú sí Bàrúwà. "Sà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ gidi. Owó yẹn, owó gàrí ni. Bí nǹkan kan bá wà nínú rẹ̀, àfi kí ẹ bi àbúrò wọn tó wà ní Tube. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn."

"Ẹ má sọ ọ́," ni Àrìnpé wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí i bí ìyá sí ọmọ. "Ẹ kàn ràn mí lọ́wọ́ kí n lè gbèjà ìyá yìí. Owó tí ẹ mú wá lỌ́jọ́bọ̀, ta ló fi lé yín lọ́wọ́?"

"Ìyá fúnra wọn ni."

"Ṣé owó tí wọ́n ti kó jọ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ti ọjọ́ náà ni, ó ṣì gbóná. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń lọ lójoojúmọ́."

"Ẹ bá wọn nídìí iṣẹ́?"

"Nídìí agbada gan-an. Wọ́n ń yan gàrí lọ́wọ́. Èéfín tiẹ̀ fẹ́ fọ́ mi lójú."

"Àwọn obìnrin yòókù ńkọ́?"

"Gbogbo wọn pé síbẹ̀. Àwọn kan ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń kọrin." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀ bá dúró gbọ́ orin wọn, Àǹtí. Ẹ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo lè búra."

"Ẹ má búra," ni Àrìnpé wí. Ó sì dákẹ́.

Bàrúwà gbé ife omi kalẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi náà wà nídìí agbada yẹn. Agbada tutù. Mi ò gbọ́ orin kankan. Mi ò rí ìwọ, mi ò rí Ìyá, mi ò rí obìnrin kankan. Ewúrẹ́ ni mo rí."

Ayọ̀dàmọ́lá nawọ́ kó ife omi wọn jọ.

"Orò ló jáde ní Àgọ́ Ọ̀ṣunníyì lỌ́jọ́bọ̀," ni Àrìnpé wí jẹ́jẹ́. "Obìnrin wo ló yan gàrí fún ọ, ọmọ mi? Obìnrin wo ló kọrin? Àní ẹni tó bá kàn dé oríta abúlé náà lọ́jọ́ yẹn á rí màrìwò. Ìwọ ò débẹ̀. Ọmọ Ìlaró ni ọ́, o kò mọ ọjọ́ Orò wọn, ìyá tí o pè ní ìyá rẹ kò sì ní fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ. Níbo lo wà lỌ́jọ́bọ̀?"

Ọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà. Bàrúwà ti dúró síbẹ̀. Ó nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ṣí bùútù ọkọ̀ pupa náà, òórùn bẹntiróòlù sì jáde débi tí Àrìnpé jókòó sí. Kò sí kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀ mọ́, àpò owó òfìfo kan ṣoṣo ló wà lórí kápẹ́ẹ̀tì tó ti mu epo yó.

Kó tó di ọ̀sán, Ayọ̀dàmọ́lá ti dárúkọ àwọn tó ni epo àti ibi tí wọ́n ti ń pàdé rẹ̀ nítòsí Tube. Bàrúwà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n ti fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó bojú wẹ̀yìn.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún Ìyá pé mi ò mú kọ́bọ̀ wọn."

"Wọ́n mọ̀," ni Àrìnpé wí. "Ohun tó dùn wọ́n kọ́ nìyẹn."

Ó pe máníjà lórí fóònù. Owó gàrí tó jẹ́ ti ìyá náà gan-an kéré, ṣùgbọ́n máníjà ṣí i. Èyí tó jẹ́ ti epo dúró sí àhámọ́ de ilé ẹjọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta náà, Baálẹ̀ gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ láti orí àga onírọ́bà rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́?" bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí kò gbọ́.

*

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, Màmá Mẹ̀dínátù àti obìnrin méjì dé ilé ìfowópamọ́ fúnra wọn. Ó ti ra fóònù kékeré kan, ó so ó mọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ ló sì wà lórí àkáǹtì báyìí. Ó gbé owó náà síwájú Toheebat nínú àpò ìyẹ̀fun.

Toheebat ti kọ́gbọ́n. Ó gbé owó náà sí imú kó tó kà á. Ó sín. Ó tún sín. Eruku gàrí ti kùn ún nímú, àwọn tó wà lórí ìlà sì bú sẹ́rìn-ín.

Àrìnpé jáde wá láti ọ́fíìsì ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn láti rí wọn ju bó ṣe lè fi ẹnu sọ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú sí mi o. Níbo lẹ ti rí owó yìí?"

Màmá Mẹ̀dínátù na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí káúńtà, tó funfun, tó sì ti sán. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìbínú rárá.

"Wá wò ó nígbàkígbà tó bá wù ọ́," ló wí. "Kó o tó dé ọ̀dọ̀ wa, ewúrẹ́ á ti kọ́kọ́ wá pàdé rẹ."